Ìwé Kejì Tí Ó Kún Ojú Òṣùwọ̀n: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìtàn Mérìíyìírí Tí Ó Dá Lórí Oyè àti Ìṣèlú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Bí ọba kan bá wàjà tí òmíràn gorí ìtẹ́, ìlù ààfin yóò yí padà, ijó ìlú yóò sì bá a yí. Àwọn àgbà kò ṣèlérí fún wa pé ìgbà tuntun yóò sàn ju ti àtijọ́ lọ. Pé yóò yàtọ̀ nìkan ni wọ́n sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Níbi ìjókòó ìkàwé wa, ẹjọ́ kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ òǹkàwé: ìwé kìíní dùn bí oyin, ìwé kejì kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ní ìwé kejì ni ó jẹ́ kí àwọn lóye ìwé kìíní. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Èrò wa nìyí: ìwé kejì a máa tẹ́ òǹkàwé lọ́rùn nígbà tí ó bá padà lọ san gbèsè tí ìwé kìíní jẹ. Bí ó bá sá fún gbèsè náà, bí ó ti wù kí ogun inú rẹ̀ gbóná tó, a ó pa á dé kí a tó kà á dé ìdajì. Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

1. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Ìtàn mérìíyìírí ni àwọn olùkọ́ wa ń pe ìtàn àròsọ tí ènìyàn ti ń bá iwin, ẹbọra, ànjọ̀nú àti ẹranko tí ń fọhùn pàdé, tí oògùn àti ọfọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ọkọ́ àti àdá ti ń ṣiṣẹ́ lóko. Kì í ṣe gbogbo irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ mọ́ ìṣèlú. Àwọn tí a ní lọ́kàn ni àwọn tí ìbéèrè inú wọn jẹ́ ti ìlú: Ta ni ó yẹ kí ó jọba? Ta ni agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta sì ni a fi í ni lára? Báwo ni àwọn tí wọ́n ti pa ara wọn lẹ́kún yóò ṣe tún máa gbé pọ̀?

Ìwé kejì tí à ń sọ kì í ṣe ìwé mìíràn tí òǹkọ̀wé kan náà kọ lásán. Ìwé tí ó padà sínú ayé kan náà ni, tí ó tún mú àwọn ẹ̀dá ìtàn àtijọ́ tàbí ẹbí wọn jáde, tí ó sì fẹ́ kí á gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ẹrù wúwo ni èyí. Òǹkọ̀wé ìwé kìíní ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé ìwé kejì ń bá ẹni tí ó ti mọ ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tí ó mọ ibi tí àga wà, tí yóò sì béèrè bí a bá gbé e kúrò.

2. Fágúnwà àti ẹnu kan náà

Bí a bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa, ọ̀dọ̀ D. O. Fágúnwà ni kí á kọ́kọ́ yà. Ní ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìwé náà sí ìwé ọdẹ, ìwé ẹbọra àti ìwé ẹ̀rín. Gbogbo rẹ̀ ni ó jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo apá ìkẹyìn rẹ̀. Ọba ni ó ránṣẹ́ pe Àkàrà-ògùn, tí ó ní kí òun àti àwọn ògbójú mìíràn lọ sí Òkè Láńgbòdó láti lọ gba ohun tí yóò mú àlàáfíà àti ìdẹ̀ra bá ìlú. Kàkó wà níbẹ̀, Ìmọ̀dóye wà níbẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ẹnì kan ní agbára, ẹnì kan ní ọgbọ́n, ẹnì kan ní ohùn tí ń tu ọkàn lára. Ìgbìmọ̀ ìlú ni wọ́n, ọ̀nà oko ọdẹ ni wọ́n kàn gbà. Ọba tí ó mọ̀ pé àlàáfíà ìlú kò sí nínú àpò òun, pé ọ̀nà jíjìn ni a ó ti lọ gbé e wá, àti pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá lọ ni yóò bọ̀: ọ̀rọ̀ ìṣèlú nìyẹn.

Ọdún mọ́kànlá kọjá. Ní 1949, Igbó Olódùmarè jáde. Ẹ wo ohun tí Fágúnwà ṣe. Kò wá òkè mìíràn tí ó ga ju Láńgbòdó lọ kí ó tún rán àwọn ọdẹ náà lọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn ni ó padà sí. Àkàrà-ògùn tún tọ akọ̀wé rẹ̀ wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn bàbá rẹ̀, Olówó-ayé, nígbà tí bàbá náà ṣì wà ní ọ̀dọ́. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́ níbẹ̀.

(a) Ẹnu kan náà ni ó ń sọ̀rọ̀, etí kan náà ni ó ń gbọ́. Òǹkàwé tí ó ti fẹ́ràn ohùn Àkàrà-ògùn láti ìwé kìíní kò ní láti tún ọ̀rẹ́ mú. Ohùn náà gan-an jẹ́ ilé fún un.

(b) Ilẹ̀kùn tí ìwé kìíní fi sílẹ̀ láìtì ni ìwé kejì gbà wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ, kíákíá ni Àkàrà-ògùn sọ fún wa pé ọdẹ olóògùn ni bàbá òun, pé àjẹ́ ni ìyá òun, àti pé ìbọn bàbá òun ni ó pa ìyá náà. Ojú ìwé díẹ̀ péré ni. Ìtàn náà ń sáré lọ sínú igbó, àwa náà sì sáré tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá sáré kọjá lójú ọ̀nà kò kúrò lójú ọ̀nà. Gbèsè ni ó di. Irú ọkùnrin wo ni Olówó-ayé jẹ́ kí ilé rẹ̀ tó dà bẹ́ẹ̀? Igbó Olódùmarè ni ó padà lọ dáhùn.

(d) A mọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn kò mọ̀. Bí Olówó-ayé bá ń yọ̀ nínú ìwé kejì, àwa tí a ti ka ìwé kìíní mọ bí ìrìn náà yóò ṣe parí. Òun kò mọ̀. Àwa mọ̀. Nítorí náà, òjìji wà lẹ́yìn gbogbo ayọ̀ inú ìwé náà, Fágúnwà kò sì ní láti kọ ọ̀rọ̀ kan lé e kí á tó rí i.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn: ìwé kejì kò fi dandan gbọ́dọ̀ ga ju ìwé kìíní lọ. Ó lè jìn jù ú lọ. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ó sì di ọdún 2010 kí ìtumọ̀ rẹ̀ ti Igbó Olódùmarè tó jáde. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ó bá ń dúró de Ṣóyínká dúró fún ọdún méjìlélógójì. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí òkè Ọya bíi tiwa, tí ó jẹ́ pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ kọ́kọ́ rí kà, ẹ ronú sí i. Ẹni tí ó bá lè ka Yorùbá kò ní láti dúró rárá.

3. Ìṣẹ́gun ni ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà

Láti ọ̀dọ̀ baba tí ó lànà, ẹ jẹ́ kí á wá sí ọ̀dọ̀ ọmọ tí ń rin ọ̀nà náà ní òde òní. Tómi Adéyẹmí ni. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ó lọ sí Salvador ní ilẹ̀ Brazil láti kọ́ nípa ìtàn ìwáṣẹ̀, ẹ̀sìn àti àṣà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìwé mẹ́ta ni ó kọ lórí ìjọba kan tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Orïsha. Children of Blood and Bone jáde ní 2018, Children of Virtue and Vengeance ní 2019, Children of Anguish and Anarchy sì jáde ní 2024. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí agbára bá fẹ́ jáde, Yorùbá ni àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ fi ń pe é.

Ẹni tí ó bá mọ ilé yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nínú ìwé náà, Lagos ni ààfin ọba wà, Ìlọrin jẹ́ abúlé apẹja létí òkun, Ìbàdàn sì wà lórí òkè. Àwọn kan lára wa bínú sí èyí. Àwa kò bínú. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a bí sí Jos, Kàdúná àti Zaria ti fọkàn ya àwòrán Ìlọrin àti Ìbàdàn láti inú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òbí wa kí a tó fi ojú wa rí wọn, àwòrán tiwa náà kò sì bá ilẹ̀ mu.

Ẹ wá gbọ́ bí ìtàn náà ṣe lọ. Nínú ìwé kìíní, Ọba Saran ti pa àwọn tí wọ́n ní agbára òrìṣà, tí ìwé náà ń pè ní maji, ní ìpakúpa. Agbára náà sì ti kúrò láyé. Zélie, ọmọbìnrin tí wọ́n pa ìyá rẹ̀ nínú ìpakúpa náà, gbéra láti lọ dá agbára padà. Tzain ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá a lọ, Amari ọmọ ọba tí ó sá kúrò láàfin náà sì wà pẹ̀lú wọn. Inan, ẹ̀gbọ́n Amari, ń lé wọn kiri. Ní òpin ìwé, Amari fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa bàbá rẹ̀, Zélie parí ètùtù, agbára sì padà wálé. Bí ìwé náà bá dúró síbẹ̀, a ó pàtẹ́wọ́, a ó sì lọ sùn.

Ìwé kejì kò jẹ́ kí á sùn. Agbára tí ètùtù dá padà kò yan ojúlé. Ó wọ ilé àwọn tí a pọ́n lójú, ó sì wọ ilé àwọn ìjòyè pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn baba ńlá tí wọ́n jẹ́ maji wà lára àwọn ìjòyè kan láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Nehanda, aya Saran tí ó ti kú, di ọ̀kan nínú àwọn alágbára wọ̀nyí. Idà nìkan ni àwọn ọ̀tá ní tẹ́lẹ̀; nísinsìnyí wọ́n ní idà, wọ́n sì ní agbára. Zélie ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé wọn lọ́wọ́. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ohun tí ó tẹ́ wa lọ́rùn jù lọ nínú ìwé náà nìyí. Òǹkọ̀wé kò lọ wá ọ̀tá tuntun láti ibì kan tí a kò gbọ́ rí. Inú ìṣẹ́gun ìwé kìíní gan-an ni ó ti yọ wàhálà ìwé kejì. Bí a bá padà lọ ka ètùtù náà lẹ́ẹ̀kejì, ojú mìíràn ni a ó fi wò ó. Ìwé kejì tí ó bá dára a máa tún ìwé kìíní kọ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀.

4. Òfin kò gbọ́dọ̀ mọ ojú ọba

Nínú ayé mérìíyìírí, òfin ni ó dúró fún ilẹ̀ tí a ń tẹ̀. Bí ìwé kìíní bá sọ pé ọfọ̀ kan kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ìwé kejì kò gbọ́dọ̀ mú un ṣiṣẹ́ lóru nítorí pé olú ẹ̀dá ìtàn wà nínú ewu. Òǹkàwé kò gbàgbé. Òfin ni ó fi mọ̀ pé ẹ̀rù tí ń bà á jẹ́ ẹ̀rù tòótọ́.

Àpẹẹrẹ tí ó mọ́lẹ̀ jù lórí èyí wá láti ọwọ́ òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Frank Herbert. Àwọn kan ń pe ìwé rẹ̀ ní ìtàn sáyẹ́ǹsì, nítorí pé ọkọ̀ òfuurufú àti ayé mìíràn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ni àsọtẹ́lẹ̀, ìtẹ́ ọba àti ogun. Dune jáde ní 1965. Nínú rẹ̀, Paul Atreides, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n pa bàbá rẹ̀, sá sínú aṣálẹ̀ lọ bá àwọn ará Fremen, ó di aṣíwájú wọn, ó sì gba ìtẹ́ ọba àwọn ọba. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé yọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ní 1969, ìwé kejì, Dune Messiah, jáde. Ọdún méjìlá ti kọjá nínú ìtàn náà. Ogun tí wọ́n ń jà ní orúkọ Paul ti pa bílíọ̀nù mọ́kànlélọ́gọ́ta ènìyàn. Ó lè rí ọjọ́ iwájú, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà dá ogun náà dúró. Lẹ́yìn náà, ohun ìjà kan fọ́ ọ lójú. Àṣà àwọn Fremen sì ni pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá fọ́, aṣálẹ̀ ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún. Àṣà líle ni, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí omi kò tó. Ta ni yóò fi ẹsẹ̀ ọba àwọn ọba tẹ àṣà yẹn? Kò sí ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀. Paul fúnra rẹ̀ ni ó dìde, tí ó rìn lọ sínú aṣálẹ̀.

Kí ni ó dé tí òpin yìí fi kún ojú òṣùwọ̀n, bí ó tilẹ̀ bà wá nínú jẹ́? Nítorí pé òfin náà ti wà kí Paul tó dé, ó sì mú ọba gẹ́gẹ́ bí ó ti ń mú mẹ̀kúnnù. Àwọn tí wọ́n sọ ọ́ di ọba ni ó ni òfin náà. Nígbà tí ó pa á mọ́, ó san díẹ̀ padà nínú ohun tí ó jẹ wọ́n.

5. Ẹni tí ó jagun náà ńkọ́?

Gbèsè kan tún wà tí ó wà lára àwọn ẹ̀dá ìtàn fúnra wọn. A kì í pa ọba kí ọwọ́ má rùn. Amari pa bàbá rẹ̀ ní ìwé kìíní, a sì yìn ín. Nínú ìwé kejì, ó gbà pé òun ni ó yẹ kí ó jọba, kí àwọn maji àti àwọn ìjòyè lè ní àlàáfíà. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn maji kò fọkàn tán an. Ọmọ Saran ni, ó ṣe tán, gbogbo ìgbà tí ó bá la ẹnu, ojú bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń rí. Bí wọ́n ti ń kọ̀ ọ́ ni ó ń le sí i. Ohùn bàbá rẹ̀, tí ó máa ń fi ipá mú un ja idà nígbà tí ó wà ní kékeré, kò kúrò létí rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó gbà kí á fi ẹ̀mí àwọn aláìṣẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọ̀tá kí ogun lè parí.

Ẹ kíyè sí i pé òǹkọ̀wé kò sọ Amari di ènìyàn burúkú ní òru ọjọ́ kan. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi sún mọ́ ibi tí bàbá rẹ̀ wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ìdí. Bí àwa bá wà ní ipò rẹ̀, bóyá a ó gbé méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn ìṣísẹ̀ náà. Níbẹ̀ ni ìwé náà ti ń mú wa láyà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Ìwé kìíní kọ́ Amari pé idà lè gba ìlú. Ta ni yóò wá kọ́ ọ pé idà kò lè tún ìlú ṣe?

Ọ̀nà méjì péré ni òǹkọ̀wé ní nípa ẹni tí ó ṣẹ́gun. Ó lè pa á mọ́ bí ère, kí ó máa jagun kan náà láti ìwé dé ìwé. Ó sì lè jẹ́ kí ìṣẹ́gun náà yí i padà. Èkejì ni òǹkàwé ń dúró dè, bí kò tilẹ̀ lè sọ ọ́ lẹ́nu.

6. Àwọn ohun tí ń ba ìwé kejì jẹ́

Kí ẹ̀kọ́ wa má baà dá lórí ìyìn nìkan, a ó ka díẹ̀ nínú àwọn àléébù.

(i) Ọ̀tá tí ó kàn tóbi sí i. Bí olórí mẹ́fà bá wà lára ànjọ̀nú ìwé kìíní, olórí méjìlá ni a ó gbé wá sí ìwé kejì. Ẹ̀rù kò pọ̀ sí i nípa bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni ó pọ̀ sí i.

(ii) Òkú tí ó jí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí a ti sunkún rẹ̀, bí ó bá padà láìsan ohunkóhun, ẹkún wa ni a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ rò pé Inan ti kú ní òpin ìwé kìíní Adéyẹmí. Ó padà ní ìwé kejì. Ohun tí ó jẹ́ kí á gbà á ni pé kò padà sínú ìrọ̀rùn. Orí ìtẹ́ tí ń jó ni ó padà sí, láàárín ìyá tí ń darí rẹ̀ àti àbúrò tí ń bá a jagun.

(iii) Ìgbàgbé mẹ̀kúnnù. Òǹkọ̀wé a máa fi gbogbo ojú ìwé sí ààfin, títí a ó fi gbàgbé pé àwọn kan ń gbin iṣu. Bí a kò bá mọ iye tí gààrí di lọ́jà nígbà tí ọba méjì ń jà, a kò mọ ohun tí ìjà náà jẹ́.

(iv) Ìlẹ̀kùn tí a ṣí láti sá jáde. Orí èyí ni a ti jiyàn jù. Ní òpin Children of Virtue and Vengeance, nígbà tí àwọn maji ti gba ààfin, àwọn àjèjì kan dé, Zélie sì jí sínú ọkọ̀ ojú omi, nínú ìdè. Àwọn kan lára wa ní ó dùn, pé àyà àwọn já. Àwa ní tiwa rò pé ìbéèrè ńlá ni ìwé náà fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí àwọn maji àti àwọn ìjòyè yóò ṣe máa gbé pọ̀ ti dójú ọ̀nà ọ̀fun. Kí ó tó jáde, àlejò ti òkèèrè dé. Bí ọ̀tá òde bá dé, ará ilé a dẹ́kun ìjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjà tí a dá dúró kò tíì di ìjà tí a parí. Gbèsè náà ṣì wà nínú ìwé.

7. Kí ni ó kàn wá níbẹ̀?

Ẹnì kan lè ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ìtàn iwin ni ẹ ń fi àkókò ṣòfò lé lórí." Ẹ jẹ́ kí á dáhùn.

Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni ó ti gbé nínú ìwé kejì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, a gba òmìnira, wọ́n sọ àsíá àwọn Òyìnbó kalẹ̀, a jó. Òpin ìwé kìíní nìyẹn, òpin tí ó dùn. Ìbéèrè bí a ó ṣe pín agbára láàárín ara wa kò tíì ní ìdáhùn. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba. Ní 1967, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá tuntun ni ó ti òkè òkun wá. Ilẹ̀kùn tí a kò tì ni.

Ní ti àwa tí a dàgbà ní Jos, ọ̀rọ̀ náà tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rògbòdìyàn ọdún 2001, ti 2008 àti ti 2010 wà lẹ́nu àwọn òbí wa, àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ nínú wa sì rántí ti ìkẹyìn fúnra wọn. Àwọn aládùúgbò kó kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Àdúgbò tí Kristẹni àti Mùsùlùmí ti jọ ń gbé pín sí méjì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó ń ta ata ṣì ní láti tà á fún ẹni tí ó fẹ́ se ọbẹ̀. Kí ni àwọn méjèèjì yóò sọ fún ara wọn ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn? Ìwé kìíní kì í ní àyè fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ogun ni ó ń lé. Ìwé kejì nìkan ni ó lè dúró nídìí igbá ata náà kí ó tẹ́tí.

Ìdí nìyí tí a fi ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń kọ ìtàn, a sì mọ̀ pé wọ́n ń ka èyí. Ẹ̀bẹ̀ wa sí wọn ni pé bí ẹ bá ti lé ọba burúkú kúrò lórí ìtẹ́ tán, kí ẹ má fi kálámù sílẹ̀. Ẹ padà sínú ìlú náà lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ wo ẹni tí ń gbé ilé àwọn tí ó sá lọ. Ẹ bi ọmọ ìjòyè tí wọ́n pa léèrè ohun tí ó ń rò. Ẹ jẹ́ kí akọni yín ṣe ìdájọ́ kan tí kò mọ bí yóò ṣe ṣe é. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ fi èékánná náà hàn wá.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(1) Fágúnwà padà sí ẹ̀yìn dípò kí ó lọ síwájú. Sọ àǹfààní méjì àti ewu kan tí ó wà nínú ọ̀nà yìí.

(2) Mú ìtàn mérìíyìírí kan tí o ti kà. Gbèsè wo ni ìwé náà jẹ tí kò tíì san? Fi ọ̀rọ̀ tí kò ju ojú ìwé kan lọ ṣàlàyé bí ìwọ yóò ṣe san án.

(3) "Amari kò ní ọ̀nà mìíràn." Ṣé o fara mọ́ èyí? Fi ìdí gbe èrò rẹ lẹ́sẹ̀.

(4) Kọ ìpàdé kan láàárín ẹni méjì tí wọ́n wà ní ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ogun tí ó ti parí, tí wọ́n pàdé lọ́jà. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn dárúkọ ogun náà.

Ẹ fi ìdáhùn yín ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ olóòtú kí ìtẹ̀jáde tí ń bọ̀ tó dé. Èyí tí ó bá dára jù nínú ìdáhùn ìbéèrè kẹrin ni a ó tẹ̀ jáde. Ire o.